Bí Mo Ṣe Ṣe Sálẹ́ńsà Bímà Àǹtí Kúdí Tó Fi Pàásì

"Ó ti féèlì."

Ohun tí ọkùnrin tó mú ẹ̀rọ dání sọ nìyẹn. Ó fa rọ́bà tó fi ń wọn èéfín jáde nídìí ọkọ̀ wa, kò tiẹ̀ wo ojú mi. Ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn ló ti ń pè pé kó máa bọ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ wò n'Íbàdàn la wà. Ṣẹ́ẹ̀tì tuntun ni mo wọ̀ lọ o. Àtilé ni mo ti ń sọ fún Àǹtí Kúdí pé tá a bá débẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, a ti jáde. Àǹtí Kúdí ló ni ọkọ̀ náà, BMW tí gbogbo wa ń pè ní Bímà. Ọmọ Àpòmù ni wọ́n, Ìbàdàn ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, kò sì sí ọkùnrin tí mo mọ̀ tó fẹ́ràn eré orí títì tó wọn.

"Wàsíù, ṣebí ìwọ lo ní no shaking?"

"Àǹtí, ẹ̀rọ wọn ni ò dáa."

"Ẹ̀rọ wọn ló ń rùn bí epo bẹntiróò lẹ́yìn ọkọ̀ mi?"

Nígbà tá a kọjá Asejire lójú ọ̀nà Àpòmù, Àǹtí tan rédíò, wọ́n sì yí i sókè kí n má baà rí àyè sọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára. Kì í ṣe tìtorí ọkọ̀ nìkan o.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọmọ Ìkirè ni mí, ṣùgbọ́n Àpòmù ni mo ti kọ́ṣẹ́ sálẹ́ńsà lọ́dọ̀ Ọ̀gá Ràfíù. Sálẹ́ńsà ni gbogbo páìpù tó ń gbé èéfín láti inú ẹ́ńjìnnì lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀. JS 3 ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, torí kí n jókòó síbì kan kí ẹnì kan máa kọ nǹkan sójú pátákó, ara mi ò gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ gbé irin fún mi. Láti Ìkirè títí dé Ìkòyí, ẹ wá ọmọṣẹ́ tó lè tẹ páìpù bíi tèmi. Ẹ ò ní rí i. Mo ti mọ iṣẹ́ yìí tipẹ́, fírídọ́ọ̀mù ló kù, kí ọ̀gá mi gbàdúrà fún mi kí n lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi n'Ìkirè. Mo ti rí ibẹ̀ pàápàá. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí mo bá dá a sílẹ̀, Ọ̀gá á ní, "Ó kù díẹ̀." Díẹ̀ wo? Wọn ò sọ ọ́ rí.

Ibi tọ́rọ̀ dé nìyẹn tí Àǹtí Kúdí fi gbé Bímà wá. Wọ́n ní, "Bàbá, mo fẹ́ kó yá sí i, mo sì fẹ́ kó bú. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó dún bíi jẹnẹrétọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ pàásì àyẹ̀wò èéfín, torí ìwé ọkọ̀ mi ti fẹ́ kú."

Ọ̀gá wo ọkọ̀, wọ́n wò mí. "Wàsíù, ìwọ ni kó o ṣe é. Tó bá pàásì, a máa jókòó sọ̀rọ̀ fírídọ́ọ̀mù ẹ. Tí ò bá pàásì, mi ò gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ẹ títí ọdún á fi yí po."

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ti kà á sí pé ó ti pàásì."

Ohun kan wà lábẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní kátálíìsì. Ó dà bí agolo ńlá, inú ẹ̀ rí bí afárá oyin. Èéfín tó bá gbabẹ̀ kọjá, ó máa ń jó ìdọ̀tí inú ẹ̀ dànù. Àwọn ọmọ tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ pariwo, òun ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gé sọnù, àwọn kan sì wà tó ń gun ọ̀kadà kiri tí wọ́n ń rà á. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ yà sọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ yẹn.

"Ọ̀rẹ́, gé e fún mi. Fi páìpù lásán sí i, ọkọ̀ yẹn á fò!"

"Èéfín ńkọ́?"

"Ta ló ń wo èéfín?"

"Ẹ̀rọ ló ń wò ó. Máa lọ jàre."

Ó pòṣé, ó ṣíná ọ̀kadà ẹ̀, ó lọ. Mi ò gé kátálíìsì. Láti ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, páìpù tó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ ni mo fi sí i, kí èéfín lè máa rí ọ̀nà jáde fàlàlà. Tẹ́ ẹ bá tẹ irú páìpù bẹ́ẹ̀ lófìfo, á wó sínú ni. Yanrìn la máa ń rọ kún inú ẹ̀. A máa yan yanrìn yẹn lórí iná kó gbẹ táútáú, a máa gbá igi dí ẹnu páìpù méjèèjì, a wá máa fi iná gáàsì lé e títí á fi pọ́n, ká tó máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀gá ń pariwo lókè orí mi. "Rọra!"

"Mò ń rọra, Ọ̀gá."

"Irọ́ lò ń pa. Èjìká ẹ ń sáré."

Mo tẹ̀ ẹ́, ó dán, kò ní ìhunjọ kankan. Ó wá ku páìpù kékeré tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti kátálíìsì, níbi tí sẹ́ńsọ̀ tó ń bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ṣọ́ èéfín wà. Ìpẹtà ti jẹ páìpù yẹn. Ọ̀gá ní kí n kúrò níbẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù wa, ibi tó bá ti sún mọ́ ẹ́ńjìnnì, ọmọṣẹ́ kì í fi iná jó irin pọ̀ níbẹ̀, ọ̀gá ló máa ń jó o. Àwọn ló jó o, èmi kàn ń bá wọn di irin mú.

Nígbà tí mo ṣíná ọkọ̀ náà, ẹ̀yin èèyàn mi! Ó bú látinú àyà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí tínú ń bí. Àwọn tó ń ṣe àlùwàlá ní mọ́ṣáláṣí òdìkejì gbé orí sókè. Mo ní iṣẹ́ mi nìyẹn. Ọjọ́ kejì la gbéra lọ sí Ìbàdàn tó fi lọ féèlì.

Nígbà tá a padà dé, Ọ̀gá ò bínú. Ìyẹn ló tiẹ̀ dùn mí jù. Wọ́n kàn ní, "Tú gbogbo ẹ̀. Dá ti tẹ́lẹ̀ padà."

"Ọ̀gá, ẹ fún mi di àárọ̀ ọ̀la."

"Kí ló máa yàtọ̀ láàárọ̀ ọ̀la?"

Mo ṣáà ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà."

Àárọ̀ kùtù ni mo dé ṣọ́ọ̀bù. Mo ṣíná ọkọ̀ náà nígbà tó ṣì tutù, mo wá gbọ́ nǹkan kan: tẹ̀, tẹ̀, tẹ̀, tẹ̀, bí ẹni ń fahọ́n lu àjà ẹnu. Bó ṣe ń gbóná ni ohùn náà ń lọlẹ̀, ó wá dákẹ́. Ah! Irin tó bá gbóná máa ń wú. Ihò kan wà níbì kan tó ń fún pọ̀ tó bá ti gbóná, ohùn ẹ̀ á lọ, àmọ́ kò dí tán.

Mo pa á, mo dúró kó tutù. Ìdúró yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Lẹ́yìn náà mo tún ṣíná sí i, mo fi àkísà dí ẹnu sálẹ́ńsà díẹ̀ lẹ́yìn kí èéfín lè wá ihò yẹn gbà jáde, mo po ọṣẹ, mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun gbogbo ibi tá a jó pọ̀. Ibi tí èmi jó, ìfófòó kan ṣoṣo ò yọ níbẹ̀. Mo dé iwájú, lẹ́bàá sẹ́ńsọ̀. Ọṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

Ibi tí ọ̀gá mi jó ni.

Gbogbo ẹ̀ yé mi lẹ́ẹ̀kan náà. Afẹ́fẹ́ ń gba ihò yẹn wọlé, sẹ́ńsọ̀ wá rò pé epo tó ń jó nínú ẹ́ńjìnnì ti kéré jù, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sì ń da epo sí i láìnídìí. Epo tó ṣẹ́ kù ló ń bá èéfín jáde. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Ọ̀gá ti dé, Àǹtí Kúdí náà ti dé, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń jẹ dòdò Ìkirè. Tí mo bá la ẹnu níwájú kọ́sítọ́mà pé ọwọ́ Ọ̀gá ló bà á jẹ́, fírídọ́ọ̀mù lọ. Tí mo bá dákẹ́, ọkọ̀ ò ní pàásì, fírídọ́ọ̀mù náà lọ. Ẹnu sì ń yún mi. Èmi kì í ṣe ẹni tó lè pa ẹnu mọ́, ẹ bi ìyá mi.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan kan lábẹ́ ibí. Kò fi bẹ́ẹ̀ dá mi lójú."

Irọ́ ni. Ó dá mi lójú bí orúkọ mi.

Wọ́n wá, wọ́n dùbúlẹ̀ sórí páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo kàn fi búrọ́ọ̀ṣì ọṣẹ kàn án. Ó hó. Ọ̀gá wò ó títí.

Àǹtí Kúdí ké láti orí bẹ́ǹṣì. "Ṣé ẹ ti rí ẹni tó bà á jẹ́?"

Ọ̀gá ló dá wọn lóhùn. "A ti rí i, Kúdí. Èmi ni."

"Ẹ̀yin kẹ̀, Bàbá?"

"Ibi tí mo jó ló ń mí." Wọ́n yí sí mi, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Pa ọkọ̀. Tú sẹ́ńsọ̀ yẹn kúrò. Kó o fi fáìlì ha ibẹ̀ kó mọ́, kó o tún un jó."

"Èmi?"

"Àbí ọmọ mélòó ló wà lábẹ́ ọkọ̀ yìí?"

Àwọn ló di tọ́ọ̀ṣì mú fún mi. Èmi tí mo ń fọ́nnu láti àná, mo ha ibẹ̀ tán, mo wá tanná sí i. Wọn ò ní kí n rọra. Mo rọra fúnra mi.

Àǹtí Kúdí nìkan ló gbé e lọ sí Ìbàdàn lẹ́ẹ̀kejì, Ọ̀gá ò jẹ́ kí n tẹ̀ lé wọn. Mo gbá ṣọ́ọ̀bù, mo tún un gbá. Mo jókòó, mo dìde. Ọ̀gá ní tí mi ò bá fi ìdí kan ibì kan, àwọn máa jó mi mọ́ àga. Fóònù mi wá dún. Ohùn ẹ́ńjìnnì ni mo kọ́kọ́ gbọ́, wọ́n ń fún un níná, ó ń bú. Àǹtí wá pariwo, "Wàsíù! Ó ti pàásì o!"

Ọ̀gá ń tẹ páìpù kan lọ́wọ́, wọn ò gbé orí sókè. "Kí ni Kúdí wí?"

"Wọ́n ní ó ti pàásì, sà."

Wọ́n tẹ páìpù yẹn tán, wọ́n fi ojú wọ̀n ọ́n, wọ́n gbé e sílẹ̀.

"Ìyá ẹ wà n'Ìkirè?"

"Wọ́n wà, sà."

"Sọ fún wọn kí wọ́n wá rí mi lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, lẹ́yìn ìrun."

Ẹni tó bá ti kọ́ṣẹ́ rí mọ̀ pé ọ̀gá kì í ránṣẹ́ pe ìyá ọmọṣẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ tìtorí ọ̀rọ̀ lásán, ọjọ́ fírídọ́ọ̀mù ni wọ́n fẹ́ dá. Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ míì, mo ti dé ẹ̀bá títì, mo ti na ọwọ́ sí ọ̀kadà.

"Wàsíù, níbo lò ń lọ? Ṣebí fóònù wà lọ́wọ́ ẹ?"

Mo ti gun ọ̀kadà. "Ọ̀gá, fóònù ò yá tó!"