Èmi Ni Mo Ń Wo Aago fún Un

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, kí n sọ ohun tí dìbéètì ṣe fún mi ní ìlú Aládé níbí.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, Fọlákẹ́. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti ṣaláìsí, àwa méjì péré la wà nílé. Orí rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n tó bá di ká sọ Gẹ̀ẹ́sì jáde lẹ́nu, ilẹ̀ ló máa ń wò. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́wàá gan-an, ìgbà wo ni mo sọ ọ́ gbẹ̀yìn?

Tíṣà rẹ̀ wá fi í sínú ẹgbẹ́ dìbéètì. Àkòrí wọn ni pé, ṣé kí ọmọ máa gbé ilé ìwé ló dára ni, àbí kó máa ti ilé lọ? Wọ́n ní kí Fọlákẹ́ gbè sẹ́yìn gbígbé ilé ìwé.

Nírọ̀lẹ́, bí mo bá ti palẹ̀ kòkó tí mo sá mọ́, a ó bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò. Á kí alága, á kí àwọn adájọ́, á wá kí èmi, “accurate time-keeper”. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni mo ń fún un. Bó bá ti pé, mo ti fi ṣíbí lu abọ́ nìyẹn!

Lẹ́yìn náà, èmi á bọ́ sí òdìkejì. Gẹ̀ẹ́sì mi ń ta kókó, àmọ́ mi ò dákẹ́. Bí ibà bá mú ọmọ lọ́hùn-ún, ta ni yóò mọ̀? Ta ni yóò rí i pé ó jẹun?

“Mọ́mì, ìyẹn kì í ṣe point. Ẹ̀rù ló ń bà yín.”

Nígbà tí ọjọ́ ìdíje pé, ó borí. Ọ̀gá ilé ìwé kan ní Àkúrẹ́ tó wà lára àwọn adájọ́ ní kó wá máa kàwé lọ́dọ̀ àwọn, kó máa gbé ibẹ̀. Mo kọ̀ jálẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, Fọlákẹ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó kí alága tí kò sí níbẹ̀, ó kí mi. Ó dáhùn gbogbo ọ̀rọ̀ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ní Gẹ̀ẹ́sì, kò wo ìwé. Ìṣẹ́jú mẹ́rin géérégé. Mo gbà kó máa lọ. Gbogbo ohun tí mo lè fi dá a dúró, èmi fúnra mi ni mo ti kọ́ ọ bó ṣe máa fèsì sí i.

Ó ti pé oṣù méjì báyìí. Ilé pa lọ́lọ́. Ṣíbí àti abọ́ náà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago.

Ọjọ́ Sunday ni wọ́n ń jẹ́ kó pè mí, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bi í bóyá ara rẹ̀ le. Ó ní ibà mú òun lọ́jọ́ Tuesday. Ó ní mátírọ́ọ̀nù wọn ò gbọ́ Yorùbá, pé òun fúnra òun lòun ṣàlàyé ibi tó ń dun òun ní Gẹ̀ẹ́sì, òun sì ti lo oògùn kó tó di ọ̀sán. Mo fẹ́ bi í bóyá ó jẹun kó tó lò ó, àmọ́ àkókò ti pé.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé òbí ò lè bá ọmọ dé ibi gbogbo, ṣùgbọ́n ẹnu tó fi ń sọ tara rẹ̀ á bá a débẹ̀.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti kúrò nílé, kí lẹ máa ń ṣe bó bá dìrọ̀lẹ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Màá kà á níkọ̀ọ̀kan, àyè wà lọ́wọ́ mi.