Ọrùn Ọmọ Mi ní Ọ̀fàtẹ̀dó

Láàárín àwọn ọdún 1990, lásìkò kan tí epo mọ́tò wọ́n gan-an, ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo ń múra ìdánwò àṣejáde girama. Iléṣà là ń gbé. N kì í jẹ́ kó pọnmi, n kì í jẹ́ kó gbálẹ̀, kó má bàa rẹ̀ ẹ́. Ìwé nìkan ló ń kà. Orí bẹ́ẹ̀dì ló máa ń jókòó sí, á kó ẹsẹ̀ jọ, á gbé ìwé lé itan, á sì tẹrí ba débi pé àgbọ̀n rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà. Lójú mi, bí ọmọ tó fẹ́ràn ìwé ṣe ń jókòó nìyẹn.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹ̀yìn orí ń dun òun, pé bí òun bá ka ojú ìwé kan tán, òun kì í rántí nǹkan kan níbẹ̀. Mo mú un lọ sí ọsibítù, wọ́n ní ojú rẹ̀ dára, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ náà dára. Ẹgbẹ́ aládùúrà ṣọ́ọ̀ṣì wa gbàdúrà fún un. Síbẹ̀, orí ń fọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n gba ìsinmi Àjíǹde, bàbá rẹ̀ ní kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ní Ọ̀fàtẹ̀dó, lẹ́bàá Òṣogbo. Télọ̀ ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yìí. Kò bí obìnrin, "ọmọ mi" ló sì máa ń pe ọmọ tèmi.

Ìsinmi kò tíì dé ìdajì tí ọkọ mi fi mú ìròyìn wá pé ara ọmọ ti yá, pé ó ń rẹ́rìn-ín. N kò lè gbà á mọ́ra. Mo wọ mọ́tò, mo lọ mú un.

Ọ̀kadà já mi sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ọmọ náà wà lórí ìdúró nídìí tábìlì gíga tí wọ́n fi ń gé aṣọ. Wọ́n ká aṣọ sábẹ́ ìwé rẹ̀, ìwé náà dúró sí ọ̀gangan ojú rẹ̀, ọrùn rẹ̀ sì nà. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ojú tí n kò rí láti ìgbà pípẹ́. Ó ṣàlàyé bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gba inú ọkàn kọjá fún mi láìwo ìwé. Màmá Òṣogbo, bó ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ló ní kó máa dìde dúró kàwé, Màmá Òṣogbo ló ń fi àdí ra á lọ́rùn. Inú mi ì bá dùn, ṣùgbọ́n Màmá Òṣogbo ṣáá ni mò ń gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní òun kò mọ̀ bóyá ọrùn nìkan ló fà á. Ṣùgbọ́n bí òun náà bá tẹrí ba pẹ́ jù sídìí maṣín-ìn, òun kì í rántí iye tí òun wọn aṣọ mọ́. Ó sọ pé láti abẹ́ etí dé èjìká ọmọ náà le gbagidi nígbà tó dé. Ó wá rẹ́rìn-ín sí mi.

"Ìyàwó, nígbà tí màmá wa ń wẹ̀ ẹ́ ní kékeré, tí wọ́n fẹ́ na ọrùn rẹ̀, ta ló já ọmọ gbà?"

"Ọmọ jòjòló ni nígbà yẹn, mà. Ọrùn rẹ̀ kò tíì gbó."

"Ó ti wá gbó báyìí, o sì jẹ́ kó ká kò sórí ìwé."

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn mí ju ọ̀rọ̀ náà lọ. Mo ní kó lọ di ẹrù rẹ̀, pé a ní tábìlì nílé, èmi náà sì lè ra á lọ́rùn. Kò mira.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n lo ìsinmi yìí tán. Bí ẹ bá ti dúró tì mí, ńṣe ni èjìká mi máa ń gòkè lọ bá etí."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní kí n jókòó. Ó ki ìka tí sísọ́ọ̀sì ti mú le bọ̀ mí lọ́rùn, ó ní tèmi le ju tọmọ lọ, ó sì rọra ń tẹ̀ ẹ́ títí ó fi rọ̀.

Mo fi ọmọ náà sílẹ̀. Nínú mọ́tò tó ń padà sí Iléṣà, orí mi fúyẹ́, ohun gbogbo ṣe kedere sí mi. Ohun tí mo sì rí kedere jù ni pé kí n tó délé, ọwọ́ obìnrin náà á tún ti wà lọ́rùn ọmọ mi.