Òwú Aró Lẹ́nu Òpìpì

Ìdí oúnjẹ ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òpìpì. Mo da àgbàdo sílẹ̀ láàárọ̀, àwọn adìyẹ márùn-ún yòókù ṣù bò ó, òpìpì, abo adìyẹ tí ìyẹ́ ara rẹ̀ kò pọ̀, sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wá ṣa hóró kan, hóró náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó tún un ṣà, ó tún bọ́. Ó gbọn orí bí ẹni tí kòkòrò wọ̀ létí, ó sì lọ dúró sábẹ́ òfì mi.

Ìyàwó mi ló ni òpìpì yìí. Ó di ọdún méjì báyìí tí ìyàwó mi ti kú, adìyẹ yìí nìkan ló sì kù nínú àwọn tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sìn. Ọmọ òpìpì ni àwọn márùn-ún yòókù. Ahunṣọ ni mí ní Ìṣẹ́yìn. Ẹ̀yìn ilé ni òfì mi wà, ibẹ̀ náà ni àwọn adìyẹ ti ń jẹ̀.

Ìgbà ọyẹ́ ni. Ní ìgbà ọyẹ́, bí adìyẹ kan bá ti ń dá dúró láìjẹun, orúkọ kan ṣoṣo la máa ń pè é ládùúgbò wa: lúkúlúkú. Àìsàn yìí máa ń ràn láti ara adìyẹ kan sí òmíràn, ó sì lè pa gbogbo wọn láàárín ọjọ́ mélòó kan. Mo wò ó bóyá ọrùn rẹ̀ lọ́. Kò lọ́. Mo wò ó bóyá ó ń ṣu ìgbẹ́ olómi tó ní àwọ̀ ewé. Kò ṣu ú. Síbẹ̀, lúkúlúkú náà ni mo ń tọ́jú. Mo lọ ata àti àlùbọ́sà, mo pò wọ́n mọ́ omi, mo tú kápúsù kan sí i, mo sì ń fi ṣíbí dà á sí i lẹ́nu. Ó ń ké. Mo ní oògùn ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Ojú ọgbẹ́ ni mo ń da ata sí, mi ò mọ̀.

Ìyá Àgọ́-Àrẹ, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tí a jọ ń gbé inú agbolé, yọjú sí mi.

"Ọkọ mi, ẹ tún ti gbé e lé ẹsẹ̀? Ṣé òun lẹ wá fi ṣe ìyàwó ni?"

"Ara rẹ̀ ò yá."

"Mo rí i. Ẹ yáa pa àwọn tó kù kó tó ràn wọ́n. Àbí ẹ fẹ́ kí wọ́n di òkúǹbete mọ́ yín lọ́wọ́?"

Mùsùlùmí ni wá. Ẹran tó bá kú fúnra rẹ̀, a kì í jẹ ẹ́, nítorí náà ọwọ́ wa máa ń yá sí ọ̀bẹ bí àìsàn bá dé. Lọ́jọ́ kejì, láàárọ̀, mo pa àwọn márààrún. Ìyá Àgọ́-Àrẹ ń tu ìyẹ́, ó sì ń la inú wọn.

"Ọkọ mi, ìfun wọn mọ́ o. Yanrìn àti àgbàdo nìkan ló wà nínú iwe wọn."

Mo gbọ́. Mo fọ ọ̀bẹ.

Òpìpì ni mo fi ṣe ìkẹyìn, torí ọwọ́ mi kò fẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo kọjú rẹ̀ sí gábàsì, mo fa orí rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹnu rẹ̀ là. Mo rí òwú. Òwú aró ni, ó yí mọ́ ìdí ahọ́n rẹ̀ lọ́nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ahọ́n náà ti wú, ṣóńṣó rẹ̀ ti dúdú. Mi ò ní láti bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tí òwú náà ti wá. Aṣọ aró ni mo ń hun láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù.

Mo fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Mo wá tún ṣe àṣìṣe mìíràn: mo fa òwú náà. Ẹ̀jẹ̀ jáde. Mo gbé e sínú apẹ̀rẹ̀, mo gun ọ̀kadà lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran.

Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn tó mú ewúrẹ́ àti ajá wá, títí oòrùn fi kan àtàrí. Bí apẹ̀rẹ̀ bá ti dákẹ́, mo máa ń ṣí i wò. Ibẹ̀ ni mo ti rántí ìyàwó mi. Lójoojúmọ́, tí mo bá dìde nídìí òfì láti lọ kírun Alásárì, ó máa ń kúnlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, á máa ṣa àjákù òwú sínú agolo mílíìkì kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo máa ń bi í pé, "Ṣé ẹ̀gún ni?" Á ní, "Ẹ ṣáà lọ kírun yín." Mo rò pé ìmọ́tótó ló ń dà á láàmú. Mi ò bi í nídìí rẹ̀ rí. Nígbà tó kú, kò sẹ́ni tó ń ṣà á mọ́.

"Ṣé ẹ fà á?" ni dókítà béèrè.

"Mo fà á díẹ̀."

"Ẹ má tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, bàbá. Òwú yìí ti wọ inú iwe lọ. Tí ẹ bá ń fà á, ó lè ya ìfun."

Ó gé èyí tó yí mọ́ ahọ́n, ó fi ti inú sílẹ̀. Ó mú ọwọ́ mi, ó fi kan àpò tó wà nísàlẹ̀ ọrùn òpìpì, níbi tí adìyẹ máa ń kó oúnjẹ sí kó tó dé iwe. Ó le bí ìṣù òwú. Ó ní kí n máa kán òróró díẹ̀ sí i lẹ́nu, kí n máa fi ìka wọ́ àpò náà jẹ́jẹ́, kí n má fún un ní hóró kankan, àfi ògì tó ṣàn.

Ọjọ́ kẹfà ni mo rí òwú aró nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Mo pe Ìyá Àgọ́-Àrẹ wá wò ó. Ó wo òwú, ó wo òfì, ó mi orí. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà.

Òpìpì yè. Ṣóńṣó ahọ́n rẹ̀ já bọ́, ó wá ń fi àgógó gbọ́n oúnjẹ rírọ̀ bí ẹni ń bu omi. Ó ń pẹ́ nídìí oúnjẹ, ṣùgbọ́n ó ń jẹ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìyẹ, ẹ la ẹnu rẹ̀ wò kí ẹ tó sọ àìsàn rẹ̀ lórúkọ. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ara òpìpì ti sọ fún mi, nígbà tí hóró bọ́.

Agolo náà ṣì wà lójú fèrèsé. Òwú tí ìyàwó mi ṣà kẹ́yìn wà nínú rẹ̀, mo ń kó tèmi lé e. Kí n tó lọ kírun Alásárì, mo máa ń kúnlẹ̀ sábẹ́ òfì, òpìpì á dúró tì mí, á máa wo ọwọ́ mi. Òun nìkan ló kù tí mò ń ṣà á fún.