Orúkọ Bàbá Ọkọ Kulpash

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí Kulpash kò kàn dárúkọ bàbá ọkọ rẹ̀. Láàárín àwa ẹ̀yà Kazakh, ìyàwó ilé tó bá pe bàbá ọkọ rẹ̀ lórúkọ, wọ́n á ní wọn ò kọ́ ọ nílé.

Bàbá Onígègé ni Kulpash ń pe Jantemir, bàbá ọkọ rẹ̀. Tíṣà ni bàbá, gègé ìkọ̀wé kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ kó àwọn ọmọbìnrin àdúgbò wa lọ sílé ẹ̀kọ́ tuntun tí ìjọba Sófíẹ́tì dá sílẹ̀, ó sì ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn wa ní ìlú Semey. Èmi ń tẹ̀wé níbẹ̀, Kulpash ń to lẹ́tà òjé tí a fi ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà kan, bàbá kọ ọ́ pé kí àwọn ìyàwó ilé yéé sá fún orúkọ àwọn àna wọn. Kulpash to ó látòkè délẹ̀, ó to orúkọ bàbá sí ìsàlẹ̀. Mo ní kó ka orúkọ náà sí mi létí.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ mi gbà á. Ẹnu mi ò gbà á."

Lọ́dún 1937 ni ìjọba wá ń kó àwọn tó ń kọ̀wé sẹ́wọ̀n. Wọ́n mú bàbá. Ọkọ Kulpash ti kú, kò sẹ́lòmíì tó lè gbé oúnjẹ lọ, ẹlẹ́wọ̀n tí wọn ò bá sì gbé oúnjẹ wá fún, ebi ni yóò lù ú pa. Kulpash di wàrà gbígbẹ lẹ́rù, ó lọ sí ojú fèrèsé ẹ̀wọ̀n. Akọ̀wé ibẹ̀, ará Rọ́ṣíà, ní ta ló ni ẹrù náà. Ó ní Bàbá Onígègé. Akọ̀wé ní kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó kọ orúkọ bàbá gan-an sínú ìwé, akọ̀wé tì í padà, ó ní òun ò mọ Kazakh kà, kó fẹnu sọ ọ́. Ẹnu kọ̀. Wọ́n ti fèrèsé. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́sẹ̀ kejì.

Èmi ńkọ́? Ọkùnrin ni mí, n kì í ṣe ìyàwó wọn. Ǹ bá tẹ̀ lé e, kí n pe orúkọ náà wẹ́rẹ́. Ẹ̀rù bà mí kí wọ́n má baà kọ tèmi náà sílẹ̀. Ojo ni mí, kí n má purọ́ fún yín.

Lọ́sẹ̀ kẹta, ó di ojú, ó tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run, ó ní, "Jantemir." Akọ̀wé ní òun ò gbọ́. Ó tún un pè. Akọ̀wé wo ìwé rẹ̀.

"Ọkọ̀ ojú irin ti gbé e lọ sọ́nà jíjìn lánàá. Ẹni tó kàn."

Ó gbé ẹrù náà padà wá bá mi níbi iṣẹ́. Mi ò lè wojú ẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pe bàbá lórúkọ. Wọn ò sí níbẹ̀ kí wọ́n dá mi lóhùn."