Ife Ọkọ Màmá Gúdrún

Kọfí ló máa ń ta sánsán dé yàrá wa láàárọ̀ Sátidé, láti ìsàlẹ̀ ilé tí a ń gbé ní West Ridge, lókè òkun. Bí màmá mi bá ti wọ aṣọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tán, yóò mú èmi àti Bísí àbúrò mi sọ̀kalẹ̀ lọ bá Màmá Gúdrún, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ará Áísíláǹdì. Màmá mi á ní: "Ẹ má ba ilé onílé jẹ́ o. Bí ìyá yìí bá lé yín, iṣẹ́ Sátidé mi lọ nìyẹn."

Màmá Gúdrún ń kọ́ wa ní èdè rẹ̀ bí ẹni ń ṣeré. Bí o bá fara pa, wàá ní "ég meiddi mig": mo ṣe ara mi léṣe. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni "var brotinn", tó sọ pé nǹkan di fífọ́, láìdárúkọ ẹni tó fọ́ ọ. Nílé wa, "wọ́n ti fọ́ ọ" là ń sọ, màmá mi a sì bi wá pé: "Ta ló ń jẹ́ 'wọ́n'? Ṣé ó ń bá wa gbé ni? Purọ́ n níyì, ẹ̀tẹ́ ní í mú wá."

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí lọ́jọ́ tí mo nawọ́ sí ife ọkọ rẹ̀ tó ti kú, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn. Ó já bọ́. Màmá Gúdrún sáré wọlé, mo sì yára dáhùn: "Bollinn var brotinn," ife náà di fífọ́. Inú mi tiẹ̀ dùn pé n kò ṣì í sọ. Ó wò mí, ó wo Bísí, ọmọ ọdún mẹ́rin, tó ti ń sunkún. Ó mí kanlẹ̀. "Bóyá Bísí ṣì kéré jù láti máa wá síbí."

Mo kúnlẹ̀ gbì, bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé, àṣé orí àfọ́kù ni.

"Dìde! Kí lo ń wá nílẹ̀?"

"Èmi ni, mà! Ég braut hann! Èmi ni mo fọ́ ọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé Bísí!"

Ó fọ ẹ̀jẹ̀ orúnkún mi, ó ń mirí. "Ní Áísíláǹdì, orí ìdúró la ti ń jẹ́wọ́." Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwa méjèèjì la sọ̀kalẹ̀.

Woodridge, ìlú mìíràn, ni mò ń gbé báyìí, mo sì ti bí ọmọ méjì. Ife oníke ni mo fi ń fún wọn lómi. Mo fi fóòmù bo igun tábìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àkọ́bí mi ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kò fọ́ nǹkan kan rí, kò sì tíì sí ohun tó mú un sọ pé "èmi ni." Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà láyà jù mí lọ. Lánàá, mo ra ife amọ̀ méjì. Wọ́n ṣì wà nínú páálí.