Àálè Lára Àpótí Lẹ́tà

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀yin ọmọ mi, àpótí lẹ́tà kan ṣoṣo ni gbogbo abúlé wa ní. Ara ògiri ilé ìwé ni wọ́n kàn án mọ́. Tíṣà wa ló ń fi kẹ̀kẹ́ gbé lẹ́tà bọ̀ láti ìlú, á tì wọ́n bọ ihò tóóró tó wà lókè, ẹni tó bá ní lẹ́tà á ṣí ilẹ̀kùn iwájú, á mú tirẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo rántí rẹ̀, níbí ní Mississauga, ní Kánádà, nígbà tí kọ́kọ́rọ́ kán sínú àpótí lẹ́tà ọmọ mi. Mo ní ká kúkú ra àpótí tuntun. Ọmọ ọmọ mi obìnrin rẹ́rìn-ín. Ó ní, "No, Grandpa, it's only the lock. We just measure it." Ó tú u, ó fi rúlà wọ̀n ọ́n, ó wo bí ahọ́n irin ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe tẹ̀, ó sì wá irú rẹ̀ rà lórí fóònù. Ọjọ́ kẹta ló dé, ó sì wọlé wẹ́kú. Inú mi dùn sí i gan-an.

Níbo la ti fẹ́ rí irú ẹ̀ nígbà tiwa? Nígbà tí híńjì àpótí wa dípẹtà tó já, awọ bàtà mi tó ti gbó ni káfíńtà gé, tó kàn síbẹ̀. Nígbà tí ìkọ́ tó ń di ilẹ̀kùn mú tún bọ́ sọnù, ewúrẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà ṣe oúnjẹ.

Ìyá bàbá mi kò lè gba èyí. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ti lọ sí Kumasi, ó ti di ọdún kejì tí a kò gbúròó rẹ̀, ojoojúmọ́ ni ìyá àgbà sì ń retí lẹ́tà. Ó fi okùn de ilẹ̀kùn náà pinpin, ó wá so àkísà pupa àti ṣùkù àgbàdo mọ́ okùn. Ó pa àálè sí i nìyẹn. Ìgbà ìkórè sì ti dé, ó gba oko kòkó lọ fún oṣù kan gbáko.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé wọn kì í fọwọ́ kan ohun tí àálè bá wà lára rẹ̀. Bàbá kan tó ń retí lẹ́tà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé ibẹ̀, ó wo àkísà, ó padà sílé. Ta ló fẹ́ ṣàlàyé fún àálè pé lẹ́tà òun lòun wá mú? Tíṣà kì í ṣe ará ibẹ̀ ní tirẹ̀, ó kàn ń ti lẹ́tà bọ ihò òkè ni.

Ọjọ́ tí ìyá àgbà dé, tíṣà lọ bá a. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, àpótí yẹn ò gbà mọ́ o."

Ìyá àgbà tú okùn náà fúnra rẹ̀, lẹ́tà sì ya sílẹ̀ bí ẹ̀wà. "Tíṣà, ẹ bá mi wo ti ọmọ mi níbẹ̀."

Ó wà níbẹ̀. Ọmọ náà kọ ọ́ pé òun ń bọ̀ wálé, ó dárúkọ ọjọ́ tí ọkọ̀ máa já òun sílẹ̀ ní títì. Tíṣà tún ọjọ́ náà kà, ó gbójú sókè. "Màmá, òní ni."

Ìyá àgbà kò dúró wọ bàtà. Ó sáré, gèlè bọ́, àwa ọmọdé tẹ̀ lé e. A bá ọmọ rẹ̀ lẹ́bàá títì, ó jókòó lórí ẹrù rẹ̀. Ìyá àgbà di orí rẹ̀ mú, ó ń kì í, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. N kò tíì rí ayọ̀ tó tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà.

Ayé ti yí padà. Bí ọmọ mi bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, fóònù á ti sọ fún wa pé ó ku ìṣẹ́jú méje. Mo dúpẹ́, ọkàn wa kì í fò sókè mọ́. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń dìde lórí àga. Lánàá, mo wọ kóòtù mi, mo jáde lọ dúró síwájú ilé. Ọmọ mi sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò tìjáyàtìjáyà.

"Daddy, kí ló ṣẹlẹ̀?"

Mo ní kò sí nǹkan kan, òun ni mo wá pàdé.