Ebè Ọlọ́run ní Oko Ìbítóyè

Ní gbogbo ọdún tí Ìbítóyè fi dáko lẹ́bàá ìlú Ọ̀sì, ebè àkọ́kọ́ nínú oko rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ti Ọlọ́run ni. Èèbù tó dára jù lọ ló ń gbìn síbẹ̀. Iṣu ibẹ̀ kì í dé ìdí ààrò. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ lọ́jọ́ Ìkórè.

Ní ọdún 1978, èéyi mú Ọmọ́bọ́lá, ọmọ wọn kan ṣoṣo, lọ. Kò pé ọdún, Ìbítóyè kọ ebè tán lọ́jọ́ Ẹtì, ó ní òtútù ń mú òun. Ọjọ́ Ajé, ó kú. Keziah ìyàwó rẹ̀ kò sunkún. Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, ó ru èèbù lọ oko. Ó dé ebè àkọ́kọ́, ó ṣa èèbù kan tó ti jẹrà dé ìdajì, tí ewúrẹ́ pàápàá kò ní fimú kàn, ó tì í bọlẹ̀.

"O ṣa èyí tó dára lọ́wọ́ mi," ló wí. "Èyí tó kù nìyí. Gbà."

Adépéjú, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tí wọ́n jọ lọ oko, ká ọwọ́ lérí. "Ìyàwó! Ṣé Ọlọ́run lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?"

"Ọkọ mi, ẹ jẹ́ kó dá mi lóhùn. Ó pẹ́ tí mo ti ń pè é."

"Ẹnu rẹ yìí mú ju ọkọ́ lọ."

Láti ọjọ́ náà, Keziah kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì bá lù, á gbé ọmọrí odó, á máa gúnyán. Ó ri igi fún gbogbo iṣu yòókù, ó ro ìdí wọn. Ebè Ọlọ́run nìkan ló fi sílẹ̀ fún koríko. Ó ń dúró kí Ọlọ́run lù ú, tàbí kó fọhùn. Kò ṣe ọ̀kankan. Ìyẹn ló dùn ún jù.

Òjò kò ṣe déédéé lọ́dún náà. Nígbà tí wọ́n ń wa iṣu, òmíràn kò tó apá ọmọdé. Ebè Ọlọ́run ni Keziah fi ṣe àṣekẹ́yìn, kó lè rí òfìfo ibẹ̀ kó fi rẹ́rìn-ín. Àṣé ìtàkùn rẹ̀ ti wá igi ìrá kan gùn fúnra rẹ̀. Ó gbẹ́ ilẹ̀, èjìká iṣu yọ. Ó gbẹ́ ẹ dé orúnkún, iṣu kò tán. Ó gbẹ́ ẹ dé ìbàdí. Adépéjú wá ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí iṣu náà jáde, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ewé bí ọmọ tó sùn. Kò sí àpá kankan lára rẹ̀.

Keziah ṣì wà nínú ihò.

"Jíjẹrà ni mo fún un," ló wí. "Ẹ̀yin náà rí i."

"Mo rí i."

"Ọkọ mi, ìbínú ni mo fi gbìn ín!"

"Mo gbọ́ ọ nígbà náà. Òun náà gbọ́."

Ibẹ̀ ni ẹkún ti bọ́. Ó sun ti Ọmọ́bọ́lá, ó sun ti Ìbítóyè, títí oòrùn fi yẹ̀ lórí. Kò mọ ìdí tí wọ́n fi lọ, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un. Ṣùgbọ́n níbi tó sọ ìbínú sí, tó kẹ̀yìn sí, ẹnì kan ti wà lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí, tó ń ṣiṣẹ́, tí kò bínú padà.

Lọ́jọ́ Ìkórè, òun àti Adépéjú fi igi gbé iṣu náà wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Orin dákẹ́. Kátíkíìsì sún mọ́ ọn, ó rọra bi í pé, "Màmá, kí ni ká kéde pé ẹ mú wá?"

Keziah kúnlẹ̀.

"Ẹ má kéde mi," ló wí. "Tirẹ̀ ni mo gbé wá fún un."